Táíwò Ti Ṣáájú Dé Ajah

Ẹ̀yin ará Kétu, láti ìgbà tí mo ti padà dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé owó ń já bọ́ lórí igi l'Ékòó. Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ. Àwọn àgbà ilé wa nìkan ló béèrè ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ, wọn ò sì jẹ́ kí n mí dáadáa kí n tó dáhùn. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó lónìí, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kà á. Olùkọ́ ni mí, ẹ mọ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ fa àga mọ́ra.

Kí n tó débi ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ìrìn yìí fún àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá tó bí bàbá mi, Kẹ́hìndé ló ń jẹ́. Ìbejì ni wọ́n, Táíwò sì ni ìkejì rẹ̀. Nígbà tí Faransé ń jọba lé wa lórí, tí ogun àgbáyé kejì ń jà, kọ̀mándà òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ wa pàṣẹ pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú àkọ́bí ọmọkùnrin rẹ̀ wá, kó lọ jagun fún Faransé. Ògbufọ̀ rẹ̀ dé ilé wa, ó béèrè pé nínú àwọn ìbejì yìí, ta ló kọ́kọ́ jáde láti inú ìyá wọn. Wọ́n ní Táíwò ni. Ògbufọ̀ ní Táíwò ló kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa padà wá mú un, Táíwò ti kọjá sí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Wọ́n bá mú Kẹ́hìndé dípò rẹ̀; ó jagun náà, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tó ti bàjẹ́ padà wálé.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n fi okùn de bàbá tó bí àwọn ìbejì, wọ́n mú un lọ sójú ọjà, wọ́n ní bí kò bá kọ Táíwò lọ́mọ lójú gbogbo ènìyàn, ẹ̀wọ̀n ló máa kú sí. Bàbá kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ó ní kì í ṣe ọmọ òun mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé òun láéláé.

Faransé ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́. A ti gba òmìnira, a ti yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà pàápàá. Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, bí ilé wa bá pé jọ lọ́dọọdún láti da omi tútù sílẹ̀ kí á pe orúkọ àwọn tó ti lọ, Kẹ́hìndé nìkan là ń pè. Ẹ gbọ́ ná: ìbejì, kí á máa pe ẹyọ kan! Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀rọ̀ yìí sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ gbọ́ orúkọ Táíwò nínú ilé yẹn kí òun tó kú. Àwọn àgbà ilé ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti kọ̀ lójú ọjà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn gbà kí ilé tún fà á mọ́ra. Bí wọ́n bá gbà, a ó pè é. Bí wọn ò bá gbà, ó parí.

Ta wá ni ọmọ Táíwò, níbo ló sì wà? Súlè, ọmọ àdúgbò wa tó ń bá wọn tẹ táìlì ilé ní Ajah, ló mú ìròyìn wá. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá kan níbẹ̀. Ìyá ọ̀gá náà wá kí ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ pé ọmọ Kétu ni Súlè, ló bá dìde, ó ní Kétu ni bàbá òun náà ti wá, Táíwò lorúkọ rẹ̀, òun ò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ibẹ̀. Bàbá mi gbọ́ èyí tán, ó ní kí n di ẹrù mi. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n rán mi: kí n lọ bá ẹni tó ti ní òun ò fẹ́ rí wa.

Ní ojú ààlà

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò yọ yín lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ilẹ̀ kan náà ni. Ilẹ̀ pupa tó wà lọ́dọ̀ wa náà ló wà lódìkejì, ewúrẹ́ kan sì ń jẹ koríko kọjá láàárín méjèèjì láìsí ẹni tó bi í léèrè ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó dúró síbẹ̀, tiwa àti tiwọn, ń fi Yorùbá bára wọn ṣẹ̀fẹ̀ nípa ìgbéyàwó kan tí wọ́n jọ lọ. Nígbà tí mo dé iwájú wọn, ojú wọn le. Tiwa bẹ̀rẹ̀ Faransé, tiwọn bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi sọ èyí tí ẹ ń sọ tẹ́lẹ̀ yẹn." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kí n kọjá.

Nígbà tí mo dé Èkó ni mo tó mọ̀ pé mo ti di àlejò. Obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Mo ní Kétu. Ó ní, "Kétu tó wà nítòsí ọjà Mile 12? Ibẹ̀ ò kúkú jìnnà." Mo ní rárá, Kétu tiwa ni, tó wà lábẹ́ Faransé nígbà kan. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹẹn! Àgànyìn ni yín!"

Inú bí mi. Mo ní Yorùbá ni mí. Ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá, ẹ tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa." Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí! Ó ń yìn mí pé mo gbọ́ èdè ìyá mi! Mo ṣàlàyé fún un pé ọba ti ń jẹ ní Kétu láti ayébáyé, pé ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wa, pé òyìnbó méjì ló fa ìlà sáàárín wa bí ẹni ń pín àkàrà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ ẹ̀wà Àgànyìn yẹn, ata dúdú yẹn, báwo lẹ ṣe ń dín in?"

Ìbínú mi di ẹ̀rín. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dín in, nítorí mo mọ̀ ọ́n dín lóòótọ́.

Ilé Wálé

Wálé ni ọ̀gá tí Súlè ṣiṣẹ́ fún, òun ló sì gbà mí sílé. Inú Ẹ̀sítéètì Abraham Adésànyà ni ilé rẹ̀ wà, ní Ajah. Kí a tó wọlé ni a ti yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ wò ó, ẹ ti di Àǹtí mi tipátipá." Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Bísọ́lá, gbé oúnjẹ kan ka iwájú mi tí wọ́n ń pè ní sẹ́mó. Kì í ṣe iyán, kì í ṣe ẹ̀bà, ó dà bí ẹni tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò tó wà pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lú edé àti pọ̀nmọ́ tó rọ̀, mo jẹ ẹ́ títí mo fi dẹ ìró ìdí mi. Bísọ́lá ní, "Ẹ jẹ́ n fi kún un, mà." Mo ní kó fi kún ọbẹ̀ nìkan.

Àwọn ará ẹ̀sítéètì yẹn, ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n géètì ni olúkúlùkù ń bá gbé. Mo kí ọkùnrin kan ẹ kú ojúmọ́ lówùúrọ̀, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ní ọjọ́ kejì mo tún kí i. Ní ọjọ́ kẹta, òun ló kọ́kọ́ kí mi, ó sì bi mí léèrè àlàáfíà ilé mi. Ẹ ò rí i, wọn ò gbàgbé ìkíni, ẹni tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni kò sí. Wálé fúnra rẹ̀ ò kí i lójúmọmọ rí, nítorí pé kí àkùkọ tó kọ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lekki, tí yóò sì padà nígbà tí oorun ti ń kun àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ sí mi, mo sì ń fi Yorùbá dá wọn lóhùn. Àwọn ọmọ tèmi nílé, ẹ mọ̀ wọ́n, Faransé ni ṣáá. Mo ronú pé bí a bá kó gbogbo wọn sínú yàrá kan, àtọmọdọ́mọ ìbejì kan náà, ọwọ́ ni wọn ó máa fi júwe fún ara wọn. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dùn mí.

Nígbà tí Wálé rí àyè jókòó, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. "Àǹtí, màmá mi ní kí n gbà yín lálejò, torí àlejò ni yín. Àmọ́ wọ́n ní kí n má mú yín wá sọ́dọ̀ àwọn ní Eléko o. Wọ́n ní àwọn ò níṣẹ́ pẹ̀lú Kétu."

Mo bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi? Èmi nìkan ni wọ́n bí. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé where are our cousins, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Lọ́jọ́ Sátidé, à ń lọ sí Eléko. Tí wọ́n bá lé wa, a ó jọ sá."

Eléko

Mi ò rí òkun rí tó tó èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Kútọnu, ẹ ó ní kí ló tún dé sí mi, òkun kan náà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Eléko, níbi tí àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti sùn sórí iyanrìn, tí àwọn ọmọ ìgboro tó wá ṣe fàájì ń ya fọ́tò lẹ́bàá àwọn apẹja tó ń tú àwọ̀n, ẹ̀rù òkun yẹn bà mí, ó sì wù mí.

Ìyá Wálé, tí gbogbo ibẹ̀ ń pè ní Ìyá Eléko, jókòó sábẹ́ àgbọn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀. Nígbà tí ó gbójú sókè, ojú bàbá mi gan-an ló wà lórí obìnrin yìí, títí dé bí ó ṣe ń fún ojú kan pọ̀ tó bá ń wo ènìyàn.

Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀. "Wálé, kí ni mo wí fún ọ?"

Wálé ní, "Ẹ má bínú, mà. Ebi ló ń pa àlejò."

Ìyá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Ìjẹ̀bú nínú, ti àwọn ará etí omi tó bá dàgbà. Ó ní kí wọ́n gbé ẹja yíyan wá, ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti omi jáde, pẹ̀lú ata tútù àti gàrí tí wọ́n fi omi àgbọn rẹ. Ó ní, "Jẹun, ọmọ mi. Àmọ́ bí o bá pe Kétu, gbé abọ́ mi sílẹ̀ kó o máa lọ."

Mo jẹun ná. N kì í ṣe òmùgọ̀, ẹja yẹn dùn. Lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ́ tán, mo fọwọ́, mo tún kúnlẹ̀, mo pe Kétu.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀, pé a fẹ́ pe orúkọ Táíwò padà sílé. Ó gbọ́ mi dé òpin. Bóyá bí ó ṣe fetí sílẹ̀ ló jẹ́ kí n ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní, "Ìyá, a mọ̀ pé ẹ̀rù ló ba Táíwò. Òun ni àgbà, òun ni iṣẹ́ ogun kàn, ó sì fi í sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, a ti dárí jì í."

Wálé fi ọwọ́ bojú.

Ìyá Eléko dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Ẹ ti dárí jì í! Ta ló sọ fún ọ pé Táíwò ni àgbà?"

"Òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí, mà. Ògbufọ̀ ló..."

"Ògbufọ̀! Bí wọ́n bá bí ìbejì ní Kétu lónìí, ta ni ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n nínú wọn?"

Mo ní, "Kẹ́hìndé ni."

"Kí ló dé?"

"Torí pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò jáde, pé kó lọ tọ́ ayé wò kí òun tó..."

"Parí ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Olùkọ́ ni ọ́, wọ́n ní. Parí ẹ̀."

Mi ò lè parí ẹ̀. Mo ti ń bá àwọn ènìyàn kọ́ ọmọ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́. Mo ti kí ìyá ìbejì tí mi ò lè kà wọ́n, mo sì ti sọ fún àìmọye Táíwò pé kó bọ̀wọ̀ fún Kẹ́hìndé tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìbejì ilé tiwa, bí kọ̀mándà ṣe ka àgbà lọ́jọ́ yẹn náà ni èmi àti gbogbo ilé wa ṣì ń kà á. Òyìnbó ti lọ, a ṣì ń bá a di ìṣirò rẹ̀ mú. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí iyanrìn gbé mi mì.

Ìyá Eléko jókòó padà. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní bàbá òun sọ ọ́ fún òun láìmọye ìgbà. Nígbà tí ògbufọ̀ lọ tán, Kẹ́hìndé pe Táíwò sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo rán ọ níṣẹ́. Ṣáájú, lọ bá wa wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, kó o wá ibi tí a lè gbé. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Táíwò gba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lọ. Ó dé Ìmẹ̀kọ, ẹ̀rù bà á pé ó sún mọ́ ààlà jù, wọ́n lè wá mú un. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ síwájú, títí òkun fi sọ fún un ní Eléko pé ó tó. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹja lọ́dọ̀ àwọn onílùú, ó kọ́lé, ó fẹ́yàwó. Lójoojúmọ́ kí ó tó ti ọkọ̀ sójú omi, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀.

"Ọkùnrin Kétu kan tó ń ṣòwò ló wá sọ fún un pé ilé ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ lójú ọjà," ni ìyá náà wí. "Ẹ rán an níṣẹ́, ó jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ wá kọ̀ ọ́. Ó rò pé Kẹ́hìndé mọ̀ sí i. Ohun tó pa á nìyẹn, kì í ṣe àìsàn."

Mo jáde lọ sí etí omi, mo sì sunkún, ẹ má bi mí léèrè bí ó ṣe pẹ́ tó.

Fóònù

Nígbà tí mo rí ara mi gbé, mo pe bàbá mi lórí fóònù, irú ìpè tí a fi ń rí ojú ara ẹni. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un.

Ó ní, "Adúkẹ́, bí ẹsẹ̀ tí ogun bà jẹ́ yẹn bá ti ń dun bàbá mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó máa ń sọ pé, 'Ẹnì kan ń dúró dè mí o.' Àwa rò pé àwọn ará ọ̀run ló ń sọ. A máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yéé pe ikú."

Ó bú sẹ́kún. Mi ò rí i kí bàbá mi sunkún rí. Bí Kẹ́hìndé bá sọ òótọ́ láyé Faransé, ẹ̀wọ̀n ni fún gbogbo ilé. Ìdí tí kò fi sọ ọ́ lẹ́yìn òmìnira, a ò mọ̀. Mo rò pé kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tí kò ṣẹ̀ lòun fi ẹnu ara òun kọ̀. Bàbá mi náà rò bẹ́ẹ̀.

Mo gbé fóònù náà sáré lọ bá Ìyá Eléko. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí Kẹ́hìndé ń sọ títí ó fi kú." Bàbá mi tún un sọ. Ẹnì kan ń dúró dè mí o. Ìyá náà di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín rí ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀ o," ó gbé fóònù ti ìkòkò omi, ó sì dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Àjà ilé la rí, lẹ́yìn náà a rí orí fìlà rẹ̀.

Ìyá Eléko kígbe. "Dìde, dìde! Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n."

Bàbá mi dáhùn láti ilẹ̀. "Ẹ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mà."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí?"

"Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní ìwọ ni!"

Wálé ti ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di igi àgbọn mú. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń jà lórí ẹni tó jẹ́ àgbà. Èmi ò tíì rí ibi tí Yorùbá méjì ti ń du ipò àbúrò.

Nígbà tí ìjà wọn rọlẹ̀, Ìyá Eléko sọ ohun tó fẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó sì wọ òun lára, ṣùgbọ́n ojú ọjà ni wọ́n ti kọ bàbá òun. Wọn ò lè wá gbà á padà nínú pálọ̀ bí ẹni ń ṣòfófó. Ojú ènìyàn ni, ọ̀sán gangan ni, níbi tí bàbá òun dùbúlẹ̀ sí, láti ẹnu ọmọ ilé Kẹ́hìndé. Bàbá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnu mi ni ẹnu òun. Bí wọ́n ṣe fún mi ní iṣẹ́ mìíràn nìyẹn láìbi mí.

Sátidé kejì

Mo lo ọ̀sẹ̀ yẹn ní Ajah, ó sì dùn mọ́ mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ Wálé bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní Kétu. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ohun kan tó ń jẹ́ ṣawámà, tí wọ́n fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé ẹran bí ẹni wé ọmọ tuntun. Bísọ́lá dín ata dúdú Àgànyìn lábẹ́ ìdarí mi, ilé náà sì kún fún èéfín débi pé ọkùnrin tí mo kọ́ ní ìkíni yẹn wá kan ilẹ̀kùn. Ó rò pé ilé ń jó. Ó jẹ ẹ̀wà kó tó lọ.

Nígbà tí a padà dé Eléko lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá náà ti pe gbogbo ayé. Àwọn apẹja wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń yan ẹja, àwọn àgbà àdúgbò lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn aláfẹ́ tó wá wẹ̀ lókun náà gbọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, wọ́n dúró lẹ́yìn pẹ̀lú táwẹ́lì lọ́rùn. Bàbá mi wà lórí fóònù lọ́wọ́ Wálé, ó dé fìlà tó fi ń lọ síbi ayẹyẹ.

Ibojì Táíwò wà lẹ́yìn ilé, sìmẹ́ńtì tí wọ́n kùn ní funfun, ó kọjú sí ọ̀nà dípò òkun. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Eléko sì fi ọ̀pá kàn mí léjìká.

"Dìde. Ta ní kó o kúnlẹ̀? Kẹ́hìndé ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Pè é bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń pe àbúrò."

Ẹ rò ó wò, kí n dúró kí n máa fi "ìwọ" bá bàbá ńlá mi sọ̀rọ̀. Ara mi kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo sì gbé ohùn sókè, bí mo ṣe ń gbé e sókè ní kíláàsì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.

Mo ní, "Táíwò! Bàbá wa kọ̀ ọ́ lójú ọjà Kétu, okùn òyìnbó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ilé rẹ gba ọ̀rọ̀ náà padà lónìí. Mo rán ọ níṣẹ́, o sì jẹ́ ẹ. O ò sá. Ọmọ ilé wa ni ọ́, a ó máa pe orúkọ rẹ pẹ̀lú tèmi." Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n sọ wá sẹ́nu mi. Mo ní, "Táíwò, èmi Kẹ́hìndé ti dé."

Mo gbọ́ bàbá mi tó ń fa imú nínú fóònù.

Ìyá Eléko fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Sọ fún àwọn àgbà ilé pé mo gbà. Kí wọ́n pè é." Ó wá tẹ̀ sórí ibojì náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé sìmẹ́ńtì tó ti gbóná lóòrùn, bí ẹni ń jí ènìyàn lójú oorun.

Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́? Ó ti dé. Ọ̀nà ló pẹ́ sí."